Ọ̀rọ̀ Kan Tí Rélùwéè Gbé Mì ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀rín. Bí ọ̀kan nínú yín bá ti sáré wọlé, tó na fóònù sí mi lójú, tó ní, "Màmá, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀," ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Lẹ́yìn rẹ̀ dà?" Ẹ rò pé ogbó ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ogbó kọ́. Ìbéèrè yẹn ju ẹlòmíràn nínú yín lọ lọ́jọ́ orí, ìdí pépà ni mo sì ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìkẹjà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi ò tíì dàgbà nígbà tí mo ṣubú tèmi, síbẹ̀ ẹ̀yìn náà ni mo kọ́ láti máa wò.

Ìkẹjà tí mò ń wí kì í ṣe ti ọjà fóònù tí ẹ mọ̀ yìí. Nígbà náà, fèrè ló ń jí wa. Ti ilé-iṣẹ́ ọ̀dà á kọ́kọ́ fọn, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín bí ti àgùntàn tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ọṣẹ á tẹ̀lé e. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ilé-iṣẹ́ aṣọ, òun ló ki jù, ó máa ń mi abọ́ lórí pẹpẹ. Àwa obìnrin ò nílò aago. Bí ti ọ̀dà bá fọn, o gbọ́dọ̀ ti dáná. Bí ti ọṣẹ bá fọn, ọmọ gbọ́dọ̀ ti wẹ̀. Bí ti aṣọ bá fọn tí ọkọ rẹ ṣì ń wá bàtà, ọ̀rọ̀ di ariwo. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti ibi tí wọ́n ti ń yan bisikíìtì, gbogbo àdúgbò á máa rùn bí ẹnu ọmọ tó jí ṣúgà lá.

Láti Agége ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń wá. Àwọn kan á wọ rélùwéè, àwọn kan á fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹsẹ̀ wọn á máa dún lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹni ń fi asẹ́ ku ẹ̀lùbọ́. Mo lè dijú mi báyìí kí n gbọ́ ọ.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ẹnu gbogbo ènìyàn là. Ẹni tí kò dá sí ọ̀rọ̀ ìlú rí ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ mọ ohun tí àwọn tí a dìbò fún ń ṣe. Pépà wá ń tà bí àkàrà. Ìgbà náà ni èmi náà wọ iṣẹ́ pépà. Bàbá àgbà yín ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, ní ìdí ẹ̀rọ tó ń hun ún, èmi sì fẹ́ ohun tí mo lè máa ṣe nítòsí géètì wọn, kí n lè máa délé kí ọmọ tó ti ilé-ìwé dé.

Ẹ máa bi mí pé báwo ni ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń ta ìwé. Ìwé kejì ni mo kà dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ tuntun, ìwọ̀nba tí mo kọ́ níbẹ̀ sì ti ṣí lọ bí àwọ̀ aró tí kò mú. Ṣùgbọ́n mo mọ pépà kọ̀ọ̀kan bí darandaran ṣe ń mọ ẹran rẹ̀. Èyí pupa lórí. Lẹ́tà èyí sanra. Èyí tóbi débi pé ènìyàn méjì lè fi bora. Èyí ni wọ́n ń fi Yorùbá kọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń jáde. Pákó kan lórí búlọ́ọ̀kù méjì ni igbá mi, mo máa ń fi òkúta kọ̀ọ̀kan tẹ pépà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn rélùwéè má bàa gbé e lọ, rọ́bà fífẹ̀ kan sì wà lábẹ́ pákó nítorí òjò.

Kì í ṣe pé o kàn máa gbé pákó kalẹ̀ níbi tó bá wù ọ́. Ẹgbẹ́ wà. Ẹgbẹ́ àwa oní-pépà kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹ̀yẹ́. Ó ní Alága, ó ní Akọ̀wé, ó ní ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé lábẹ́ igi furúùtù lẹ́yìn ibùdó rélùwéè, ó ní káàdì tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ mọ́. Tí o kò bá ní káàdì, ọkọ̀ tó ń já pépà láàárọ̀ kò ní já a fún ẹ, kódà kó jẹ́ pé ìwọ lo bí dírẹ́bà. Ẹgbẹ́ ló ń pín àyè kí ẹnì kan má bàa lọ jókòó síwájú ẹnì kejì. Tó bá di Iléyá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì á dúró ti igbá àwa Mùsùlùmí. Tó bá di Kérésì, àwa náà á dúró fún wọn. Iléyá kan wà tí àgbò ẹnì kan já lókùn, tó wá kan igbá mi, tó jẹ orí pépà mẹ́rin kí ẹni tó bá mi dúró tó lé e. A tà wọ́n bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á ní kò burú, irọ́ ló máa ń pọ̀ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíké ni ọjà. Pépà tí o kò bá ké, ẹ̀pà ni wọn yóò fi í wé lọ́jọ́ kejì. O gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ gangan, kí o gbé e sókè, kí òṣìṣẹ́ tó ń sáré lọ gbọ́ ọ, kó yà. Oníkálukú ló ní bó ṣe ń ké tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ohùn tèmi a máa dé Agége kí rélùwéè tó dé ibẹ̀.

Níbi tí pépà bá sì wà, ẹgbẹ́ kejì á wà níbẹ̀ tí kò ní káàdì. A-kà-má-rà là ń pè wọ́n. Wọ́n á dúró yí pákó ká, wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá kí òkú, wọ́n á wá ka ojú ìwé àkọ́kọ́ gbogbo pépà láìfọwọ́ kàn án, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ìjọba ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láàárọ̀. Olórí wọn ni Tíṣà, àgbàlagbà Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ibùdó rélùwéè, tó fi òwú so apá kan awò ojú wọn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ilé ní ulé, ta ló gbà yín láyè láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?" Wọ́n á ní, "Ulé tí mo bá kọ́, kì í wó."

Tíṣà ló dá àdéhùn náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ràfíù, mo ní ojú, mi ò ní pépà. Ìwọ ní pépà, o ò ní ojú. Jẹ́ ká pa á pọ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe pa á pọ̀ o. Láràárọ̀, bí pépà bá ti balẹ̀, Tíṣà á ka èyí tó wà ní èdè Òyìnbó, wọ́n á sọ ọ́ ní Yorùbá sí mi létí, èmi á gbé e sókè. Ojú wọn, ohùn mi. Ó tó ọdún kan tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Òjò àkọ́rọ̀ ti fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ilé-iṣẹ́ aṣọ ò rí òwú rà mọ́, pé ẹ̀rọ mìíràn ti dúró. Bàbá àgbà yín á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á kàn máa wo ọwọ́ wọn. Ẹ̀rù yẹn ti wà lára mi kí pépà tó balẹ̀. Tíṣà mú èyí tó pupa lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi: "Ìjọba ti ilé-iṣẹ́ aṣọ..."

Rélùwéè dé. Ó fọn fèrè lórí wa, ilẹ̀ ń mì, òkúta orí pépà ń jó. Mo rí ẹnu Tíṣà tó ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ èyí tó tó mi. Bí ẹ̀yìn rélùwéè ṣe ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, oní-pépà tó ń tà lódìkejì mi sì ti ń ya ẹnu. Mo gbé pépà sókè, mo ké e:

"Ìjọba ti ilé-iṣẹ́ aṣọ pa! Ó parí o! Ìjọba ti ilé-iṣẹ́ aṣọ pa!"

Ohun tí Tíṣà sọ ni pé, "Ìjọba ti ilé-iṣẹ́ aṣọ lẹ́yìn." Ìjọba ní àwọn máa ràn án lọ́wọ́, àwọn máa bá a wá òwú. Rélùwéè gbé "lẹ́yìn" mì. Kí ẹ má wá dá rélùwéè nìkan lẹ́bi: ọ̀rọ̀ kan ni rélùwéè mú lọ, èmi ni mo fi "pa" dí àyè rẹ̀. Ìbẹ̀rù mi ló kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ tó ń dún lórí òkúta dákẹ́. Ọkùnrin kan jókòó sórí irin, ó bọ́ fìlà. Obìnrin kan ní, "Ọmọ mẹ́rin!" ó ká ọwọ́ lé orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já pépà gbà lọ́wọ́ mi, àwọn mìíràn ò sì rà á rárá, wọ́n kàn yí padà, wọ́n gba ojú irin lọ sílé ní Agége. Tíṣà ń fa aṣọ mi, "Ìyá Ràfíù! Ìyá Ràfíù! Lẹ́yìn! Lẹ́yìn ni mo wí!" Mo rò pé wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìn mi, mo yíjú. Ta ni mo rí? Bàbá àgbà yín, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

"Ìyá Ràfíù, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà nínú pépà."

"Ṣé o kà á?"

Ẹ ò rí i, ìbéèrè méjì péré ni. Mo na pépà náà sí wọn.

Akàwé kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí pépà, ó ti ń pariwo pé, "Ẹ padà o! Wọ́n tì í lẹ́yìn ni, wọn ò tì í pa!" Ṣùgbọ́n fèrè aṣọ ti fọn. Àwọn tó ti lọ jìnnà, nígbà tí wọn yóò fi gbọ́, tí wọn yóò fi sáré padà, máníjà ti ní kí wọ́n ti géètì. Wọ́n dúró síta níbẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé, lẹ́yìn náà wọ́n wá bá mi. Wọn ò lù mí. Wọ́n dojú pákó dé, pépà tó kù bọ́ sínú gọ́tà. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin yẹn ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní, "Ìyá Tì-í-pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ẹnu yín náà pa." Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Àwọn ọmọdé ń fi kọrin.

Nígbà tí bàbá àgbà yín délé, mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà ní ilé-iṣẹ́ yẹn, máníjà ò lé mi. Ìyàwó mi ló wá fẹ́ lé mi láti ẹ̀bá ọ̀nà." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn burú ju ìbínú lọ.

Ní Sátidé, ẹgbẹ́ pè mí sábẹ́ igi furúùtù. Akọ̀wé wa jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin Ìjẹ̀bú tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ohùn wa ni ọjà wa. Tí wọn ò bá gba ohùn ẹnì kan gbọ́ nínú wa, wọn ò ní gba ti gbogbo wa gbọ́. Ẹni tí kò lè kà á, kó má ké e mọ́. Èmi ní kí ìyá dá káàdì padà." Tíṣà wà lẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n fẹ́ gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Ẹnì kan ní, "Tíṣà, ẹ jókòó, a-kà-má-rà ò lóhùn ní ìpàdé oní-pépà," gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n káàdì yẹn ni ilé ìdáná mi, òun ni aṣọ ilé-ìwé ọmọ mi, òun sì ni ibì kan ṣoṣo ní Èkó tó ní àwòrán mi lára.

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Tíṣà pé. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ pé. Mi ò ní kí ẹ fojú fò ó. Ẹ fún mi láàyè kí n kọ́ bí mo ṣe máa fi ojú ara mi kà á. Tí mi ò bá lè kà á, màá fi ọwọ́ ara mi gbé káàdì náà fún yín."

Alága wa jẹ́ àgbàlagbà tí kì í kánjú. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Oṣù mẹ́ta. O lè máa tà, o ò gbọdọ̀ ké. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, a ó gbé pépà Yorùbá lé ẹ lọ́wọ́ níbí. Tí o bá kà á, o gba ohùn rẹ padà. Tí o ò bá kà á, o mọ ohun tó kù."

Oṣù mẹ́ta tí mo fi ta pépà láìlanu nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé mo máa ń dákẹ́ jù, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Oní-pépà òdìkejì á máa ké, àwọn ènìyàn á ya sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi á kàn gbé tèmi sókè bí ẹni tó ń sá aṣọ. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa kọjá, wọ́n á ní, "Ìyá Tì-í-pa, kí la tì lónìí?" Mo ń wo lẹ́tà.

Nítorí Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ìwé ọmọdé kọ́ mi, orí pépà ni mo ti ṣìṣe, orí pépà náà ni wọn yóò ti kọ́ mi. Pépà Yorùbá tí kò tà la fi bẹ̀rẹ̀. Èédú ni gègé mi. Lẹ́tà A dà bí àkàbà tí wọ́n fi igi kan dábùú. B lóyún méjì. Ọ ni O tó jókòó lórí òkúta kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ bí pépà mi. Bí mo bá ń ro ọbẹ̀, màá máa fi ìka kọ ọ́ sára ògiri. Bàbá àgbà yín á ní, "Ìyá Ràfíù, ṣé lọ́yà lo fẹ́ dà ni?" Màá ní, "Rárá o, ẹlẹ́nu ni mo fẹ́ padà dà." Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń bá mi wá èédú.

Mo ṣàṣejù díẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, mo wo pátákó méjì tó wà lára géètì ilé-iṣẹ́ aṣọ, èyí tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá. Mo ka ọ̀kan lẹ́tà lẹ́tà, mo sáré lọ bá Tíṣà. Mo ní, "Tíṣà, mo ti mọ orúkọ ọ̀gá wọn! Ó-ù-tì ni!" Tíṣà yọ awò ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Òyìnbó ni, ọ̀nà àbájáde ni wọ́n kọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ máa lọ, wọ́n á ní, "Ìyá Ràfíù, mo fẹ́ Ó-ù-tì."

Nǹkan kan tún wà tí mo bi wọ́n nínú oṣù mẹ́ta yẹn, tí mi ò gbàgbé ìdáhùn rẹ̀. Mo ti ń ṣàkíyèsí pé ìròyìn kan máa ń rí bákan náà nínú pépà mẹ́ta, lẹ́tà wọn bára mu láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ń wo ìwé ara wọn ni?" Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan wà tí kì í ta pépà rárá, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa kó ìròyìn jọ láti ìlú gbogbo, kó wá máa tà á fún àwọn tó ń tẹ pépà. Wọ́n fi ìka kan orúkọ kékeré kan nínú àkámọ́ níbi tí ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àmì wọn nìyẹn. Mo ní, "Ó ti yé mi. Ẹnì kan ló pa màlúù, gbogbo wọn ló ń ta ẹran." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní, "Nígbà náà, bí màlúù bá ní àrùn, gbogbo ìkòkò àdúgbò ló kó o." Tíṣà wò mí, wọ́n ní ká ní mo wà ní kíláàsì àwọn ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé "Màmá, òótọ́ ni, ogún ènìyàn ló fi í ránṣẹ́ sí mi." Pépà mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo. Ogún fóònù náà lè jẹ́ ẹnu kan.

Oṣù mẹ́ta pé. Ẹsẹ̀ ò gbèrò lábẹ́ igi furúùtù lọ́jọ́ Sátidé náà. Àwọn a-kà-má-rà wá pé pérépéré, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá àgbà yín wá tààrà láti ibi iṣẹ́, òwú ṣì wà lórí irun wọn. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó pè é. Mo gbé káàdì mi sórí tábìlì níwájú Alága kí wọ́n tó béèrè.

Akọ̀wé mú pépà Yorùbá tó jáde lọ́sẹ̀ náà. Ó ká a sí méjì, ó tún un ká, ó nà án sí mi. "Ìyá, ẹ ka èyí tó tóbi yẹn fún wa."

Mo gbà á. Mo fi ìka sábẹ́ lẹ́tà náà. Mo kà á sínú: KỌMÍṢỌ́NNÀ. Mo mọ̀ ọ́n. PA. Mo mọ̀ ọ́n. ÀWỌN TÍṢÀ. Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn débi pé mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ká ní mo sọ ọ́ báyìí, mo ti kà á, wọn ò lè ní mi ò kà á.

Ojú mi bá bọ́ sórí Tíṣà. Wọ́n dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, awò olówùú lójú, ètè wọn ń mì bíi ti ọjọ́ rélùwéè. Wọn ò kú. Mo padà wo pépà. Mo wo etí ibi tí Akọ̀wé ká a sí. Mo pa ẹnu dé.

Akọ̀wé ní, "Ìyá, ṣé kò ṣeé kà ni?"

Mo ní, "Akọ̀wé, lẹ́yìn rẹ̀ dà?"

"Lẹ́yìn kí ni?"

"Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ká pépà mọ́ ọn. Mi ò ní ka ìdajì fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi."

Mi ò dúró kó dá mi lóhùn. Mo tú u ká, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi káàdì mi tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e, mo wá gbé e sókè pẹ̀lú ohùn mi àtijọ́: "Kọmíṣọ́nnà pa àwọn tíṣà láṣẹ: Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́!"

Ìgbà náà ló yé wọn. Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọlọ́run ṣeun o! Mo ti ń ronú ẹni tó máa jogún awò ojú mi." Ẹ̀rín bú. Alága gbọn orí, wọ́n mú káàdì kúrò lórí pépà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Gba ohùn rẹ." Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Ìyá, mo mọ̀ọ́mọ̀ ká a ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa bi mí." Mo ní mo mọ̀. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin wá dúró tì mí, ó bá mi mú etí pépà kan nígbà tí mo ń ká a padà.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti di ti gbogbo ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé àhesọ wá sí ìdí ọkọ̀ láàárọ̀, gbogbo wa á jọ dáhùn pé, "Lẹ́yìn rẹ̀ dà?" Èmi ò ké pépà Òyìnbó mọ́ láé, àfi kí Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá kí n fojú ara mi kà á tán. Ó ń fi mí sẹ́yìn díẹ̀. Oní-pépà òdìkejì á ti ké tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ á gbọ́ tirẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí Ìyá Lẹ́yìn ṣe máa wí." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mi ṣe yí padà.

Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Fèrè mẹ́ta náà ti dákẹ́. Wọ́n ti gé igi furúùtù, Tíṣà ti wọ Ó-ù-tì wọn tó gbẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ aṣọ náà padà tì ní tòótọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ni mo kà á fún bàbá àgbà yín. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo yí i, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá inú àkámọ́. "Pa" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí "lẹ́yìn" kankan níbẹ̀. Bàbá àgbà yín bi mí pé, "Ṣé o kà á?" Mo ní, "Mo kà á." Wọ́n gbà á gbọ́, a sì dìde, a wá ohun tí a máa ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ òótọ́ pé, ó lè múra.

Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Fèrè ọ̀dà ti fọn, ti ọṣẹ ti fọn, òṣìṣẹ́ ń rọ́ bọ̀, òkúta ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí bébà kékeré. Rélùwéè yọ láti apá Agége, ó ń fọn bọ̀. Oní-pépà òdìkejì ń ké ní tirẹ̀, wọn ò gbọ́ ọ. Mo fi ìka kan sórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo dúró. Mo jẹ́ kí orí rélùwéè kọjá, mo jẹ́ kí àárín rẹ̀ kọjá, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá tán, kí òkúta orí pépà dẹ́kun jíjó.

Ìgbà náà ni mo tó la ẹnu.